Ilẹ̀ Tó Ń Mí Láìgbóná

Ọ̀pá irin tí Siaosi Finau fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú ilẹ̀ ni wọ́n là mọ́ ọn lórí. Ẹni tó ṣe é kò ju ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó gbé e lọ. Àwọn tó ń fún wàrà màlúù ló bá Siaosi níbi tó dojú bolẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ìrì dídì ti bo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ bí iyọ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Èmi, Ihaka Pōtae, ni ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà ní abúlé Waikōhua. Ẹ má rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ìbátan mi ni gbogbo wọn, ta ló sì ń bẹ̀rù ẹni tí òun mọ̀ látìgbà tó ti ń tọ̀ sórí ẹní? Nígbà tí ìròyìn dé ìlú Rotorua, wọ́n rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sí mi: Sájẹ́ńtì Mereana Tākoko, obìnrin kúkúrú tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó sì ń dún gbàmù-gbàmù bó ṣe ń rìn.

Kò kí mi dáadáa tó fi béèrè pé, "Ta ló kórìíra ọkùnrin yìí?"

"Sájẹ́ńtì, ẹ bi mí pé ta ni kò kórìíra rẹ̀. Ìyẹn ló máa tètè tán."

Òótọ́ ni mo sọ. Ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi ooru abẹ́ ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná ló rán Siaosi, ọmọ Tonga tó kàwé gan-an, wá sórí ilẹ̀ ẹbí Whatuira. Kì í gbẹ́ kànga. Ṣe ló máa ń ti ọ̀pá irin oníhò bọ ilẹ̀ títí tí yóò fi rì dé ibi tó jìn tó ẹsẹ̀ àgbàlagbà, á fa afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ sínú ẹ̀rọ, á ri àsíá pupa kékeré mọ́ ojú ibẹ̀, á sì tún bọ́ síwájú. Lójú àwọn ará wa, ẹni tó ń gbóòórùn ilẹ̀ ẹni lónìí, ó ń bọ̀ wá gbà á lọ́la ni.

Eruera Whatuira tó jẹ́ olórí ẹbí ti dìde láàárín wa, ó ní kò sí ọ̀pá kankan tí yóò wọ ilẹ̀ bàbá òun níṣojú òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé igi ń rẹ̀, Eruera bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó rí iṣẹ́ ìwakùsà ní Perth, ní Ọsirélíà. Pāora àbúrò rẹ̀ ló wá ń ṣàkóso oko. Òun ní tirẹ̀ fẹ́ràn iná mànàmáná, òun ló sì ṣí géètì fún Siaosi.

"Nínú gbogbo àwọn tó kórìíra rẹ̀, ta lẹnu rẹ̀ gùn jù?" ni Mereana bi mí.

"Wī Kereama. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun á fi ọ̀pá yẹn yan Siaosi bí ẹja."

"Ó dára. Jẹ́ ká lọ bá aláse."

*

Ẹ̀bá odò gbígbóná la ti bá Wī, níbi tó ti ń se àgbàdo nínú omi tó ń hó fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún.

"Ihaka!" ló kígbe. "Ṣé ìyàwó tuntun rè é?"

"Ọkọ tèmi ga ju eléyìí lọ," ni Mereana dá a lóhùn. "Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Omi gbígbóná."

"Nígbà wo?"

"Lánàá. Tàbí ẹ fẹ́ kí n sọ pé orí ọmọ Tonga ló bó mi lọ́wọ́?"

"Ṣé ọwọ́ tí o fi ń jẹun nìyẹn?"

"Ọwọ́ tí mo fi ń gbá ọlọ́pàá létí ni."

Mereana sún mọ́ ọn. Kò bẹ̀ ẹ́, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn fa ọwọ́ náà mọ́ra, ó tú aṣọ rẹ̀. Awọ ọwọ́ Wī ti bó, egbò ti ń ṣe èépá létí, ó sì ń ṣọyún láàárín. Mereana wò ó, ó tún un dì, ó sì dì í dáadáa ju bó ṣe bá a lọ.

"Kì í ṣe àná lo jó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ yìí ò lè di ṣíbí mú, ká má tíì sọ irin. Kí ló dé tí o fi purọ́?"

Wī rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ wo bí ojú Ihaka á ṣe rí bó bá rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ mí."

"Àwọn àsíá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fà wọ́n tu."

"Mo rí i. Ẹ ò wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi? Bí mo bá fẹ́ fà wọ́n tu, gbogbo ẹ̀ ni màá fà tu. Mi ò ní lọ máa ṣa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà."

Mereana yíjú sí mi. "Ṣíṣa ni wọ́n ṣa á?"

Mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ pé wọ́n fa àsíá tu, ìyẹn sì tó mi. Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó da ọbẹ̀ nù.

*

Òótọ́ ni Wī sọ. Láti ẹnu géètì títí dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn àsíá pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ìlà wọn. Nínú pápá kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi wílò, ni a kò ti rí ẹyọ kan.

"Kí ló wà níbí?" ni Mereana béèrè.

"Koríko, Sájẹ́ńtì."

"Koríko wà níbi gbogbo. Ẹni tó bínú sí àsíá á fà á tu níbi tí ènìyàn á ti rí i, lẹ́bàá títì. Ibí yìí fara pamọ́. Ẹni tó fa èyí tu kò bínú. Ó ń nu ojú ibì kan nù ni."

Kí n tó dáhùn, Pāora Whatuira gun ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ dé, ó ń sáré bí ẹni iná ń lé. Kò bọ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wá níbí? Wī ló lu ọkùnrin náà, gbogbo ayé ló gbọ́ tó ń halẹ̀. Ẹ lọ mú un, kẹ́ ẹ sì kúrò lórí ilẹ̀ mi!"

"Ilẹ̀ ẹ ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Perth."

"Ẹ máa ń sọ̀rọ̀?"

"Ó máa ń pè mí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá yìí ló ní kí n bá òun kí Māmā. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀, ọmọ gidi ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Pāora kò rẹ́rìn-ín padà. Ó yí ọ̀kadà rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ta sí wa láṣọ.

*

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì wé Siaosi lórí títí dé ìpéǹpéjú. Ọkùnrin títóbi ni, bẹ́ẹ̀dì náà kéré jù ú. Kò rántí ẹni tó lù ú. Kò rántí ohunkóhun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Mo rántí iṣẹ́ mi o," ló sọ. "Ìyẹn ò lè kúrò lórí mi, àfi bí wọ́n bá gé orí ọ̀hún."

"Sọ ti pápá tó wà lẹ́bàá igi wílò fún mi," ni Mereana wí. "Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀wé."

"Ẹ gbọ́. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta yìí, ó máa ń jáde nínú ilẹ̀ níbi tí iná bá wà nísàlẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ iná ló ti ń bọ̀, kì í dá rìn. Ooru á bá a jáde. Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ rédọ́ọ̀nù náà á bá a jáde."

"Kí nìyẹn ń ṣe?"

"Ẹlẹ́rìí ni. Kì í pẹ́ láyé, ọjọ́ díẹ̀ ló máa ń lò kó tó parun. Bí mo bá rí i tó pọ̀ lókè, mo mọ̀ pé ó sáré gba inú àpáta tó là kọjá ni. Nígbà náà ni mo máa sọ fún ilé iṣẹ́ pé ibí ni kẹ́ ẹ gbẹ́."

"Lẹ́bàá igi wílò ńkọ́?"

Siaosi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di orí mú. "Ibẹ̀ yẹn! Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Inú mi dùn, mo fẹ́ fò sókè. Mo wá wọn ooru: ó tutù bíi ti ibi tó kù. Mo wá rédọ́ọ̀nù: kò sí ìyàtọ̀. Ó sì jẹ́ ojú kan péré, mo sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan mọ́. Ilẹ̀ ń mí níbẹ̀, Sájẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kò gbóná."

"O ti rí irú ẹ̀ rí?"

"Mo ti rí i. Lórí ààtàn. Níbi tí nǹkan bá ti ń jẹrà nísàlẹ̀."

Mereana fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta lo sọ fún?"

"Pāora, onílẹ̀. Mo sáré lọ bá a. Mo ní màá padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn ju ìyẹn lọ, kí n rí ohun tó wà níbẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò burú. Ó po tíì fún mi."

Nínú ọkọ̀, mo ní, "Sájẹ́ńtì, kò lè jẹ́ Pāora. Òun ló pe Siaosi wá! Nínú gbogbo abúlé, òun nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹni tó pe ajá wá ṣọdẹ lè gbàgbé pé ajá a máa gbóòórùn nínú ilé náà. Pāora rò pé iná ni ọkùnrin yẹn ń wá. Kò mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ń mí lábẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́. Ihaka, nínú gbogbo yín, ta ló ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn Eruera láti ìgbà tó ti lọ?"

Mo ronú. Mo tún ronú. Pāora nìkan ló ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún wa.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba àṣẹ ilé ẹjọ́, a sì gbé katakata tó ń walẹ̀ wọ pápá náà. Gbogbo Waikōhua ló ti dúró dè wá. Iwájú wọn ni Nani Ngāhuia wà, ìyá àgbà tó bí Eruera àti Pāora, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀gbin.

Pāora kò tilẹ̀ láàgùn. "Ẹ ò bi mí ni," ló wí. "Màlúù ló wà níbẹ̀. Mo sin ín."

"Kí ló pa á?" ni Mereana béèrè.

"Inú rẹ̀ wú."

Katakata gbẹ́, ó gbẹ́. Kò pẹ́ tí òórùn fi gbòde, tí orí àti èjìká màlúù sì yọ, pẹ̀lú awọ dúdú-funfun tó ti ń ṣí kúrò lára egungun. Màlúù ni. Màlúù lásán.

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò.

"Sájẹ́ńtì!" ni Wī kígbe. "Ẹ yára fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, kó má lọ sá!"

Nani Ngāhuia kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ rin ìrìn àjò láti Rotorua, kẹ́ ẹ lè wá hú òkú màlúù lórí ilẹ̀ ọkọ mi. Ihaka, ó dára tí ìyá ẹ ti kú. Ojú ì bá tì í."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sún mọ́ Mereana, mo rọra ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Sájẹ́ńtì. A ti ṣìnà."

Kò gbọ́ mi, tàbí kò fẹ́ gbọ́. "Ihaka, bí màlúù bá kú lóko yìí, níbo ni wọ́n ń gbé e sí?"

"Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹran tó bá kú ń lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Eléyìí wá ṣe kí ni tí wọ́n fi gbẹ́ sàréè fún un, nínú pápá tí koríko rẹ̀ dára jù?"

Pāora gbé èjìká sókè. "Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Nígbà náà ni Nani Ngāhuia yíjú wo ọmọ rẹ̀. Ó rọra rìn dé etí ihò, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí orí màlúù náà. Ihò roboto kan wà láàárín agbárí rẹ̀.

"O ní inú rẹ̀ wú."

"Ó ń jẹ̀rora, Māmā. Mo yìnbọn fún un kó lè sinmi."

Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró. Mereana bọ́ sínú ihò, bàtà ọkọ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ó gba ṣọ́bìrì, ó ha ògiri ihò náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa rí, nítorí bákan náà ni ilẹ̀ wa rí níbi gbogbo: erùpẹ̀ dúdú lókè, erùpẹ̀ pupa nísàlẹ̀, ìlà funfun sì wà láàárín wọn, òkúta fífúyẹ́ tí òkè oníná pọ̀ síta kí àwọn baba ńlá wa tó dé. Ìlà funfun náà wà lára ògiri, nísàlẹ̀ ibi tí ikùn màlúù dé. Ó gún régé.

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ màlúù náà, ó bu erùpẹ̀ jáde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Dúdú, funfun àti pupa ti dàpọ̀ mọ́ra bí ẹni po ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀.

"Ìlà funfun yìí ò yà rí láti ọjọ́ tó ti délẹ̀," ló wí. "Orí rẹ̀ ló yẹ kí màlúù yìí sùn lé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ màlúù, kò sí ìlà. Ẹnì kan ti là á kọjá, ó ti kọ́kọ́ gbẹ́ jìn, ó dí i padà díẹ̀, kó tó gbé màlúù lé e. Pāora, ta ló ń gbẹ́ sàréè alájà méjì fún màlúù kan?"

Pāora sún sẹ́yìn.

"Ẹ gbé ẹran yìí kúrò," ni Mereana sọ fún ẹni tó ń wa katakata.

"Ẹ dúró!" ni Pāora ké. "Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi irin yẹn walẹ̀ níbẹ̀."

Kì í ṣe Mereana ló bi í ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ni.

"Pāora. Ta ló wà lábẹ́ màlúù yẹn?"

"Mi ò fẹ́ pa á, Māmā. À ń jà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní bí òun bá kú ni mo tó lè gba ilé iṣẹ́ yẹn láyè. Mo tì í. Orí ẹ̀ gbá etí ọpọ́n omi màlúù, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀rù bà mí."

"Ìgbà tí ewé ń rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Māmā."

"Ta ló wá ń kí mi lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè?"

"Èmi ni."

"Mo ní kí o sọ fún un kó wọ aṣọ tó nípọn. Mo ní kó má máa jẹun nínú agolo. O ní, 'Ó ti gbọ́, Māmā.' O ní ó rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ta ló rẹ́rìn-ín, Pāora?"

Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Wī ti ṣí fìlà lórí. Pāora fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì sí mi, mo sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Ó ní inú ihò òkú ẹran ni òun ju ọ̀pá Siaosi sí.

Ṣọ́bìrì ni a fi gbẹ́ ìyókù, lẹ́yìn náà ọwọ́. Apá ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ yọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀wù Eruera náà ní Waikōhua.

Nani Ngāhuia ní ká dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ó jókòó sí etí ihò, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mereana gòkè jáde, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Màmá náà kò wẹ̀yìn.

"Ṣé ò ń retí kí n dúpẹ́ ni?"

"Rárá, Nani."

"Ó dára, nítorí mi ò ní dúpẹ́. Ọmọ méjì ni mo ní nígbà tí o wọ abúlé yìí." Ó nu ojú rẹ̀. "Wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó wá gbé e?"

"Àwọn dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè di ìrọ̀lẹ́."

"A kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. O mọ̀, ọmọ ẹ̀yà wa ni ọ́, bí o tilẹ̀ wọṣọ ìjọba. Ó ti dá wà jù. Jókòó."

Mereana ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi. Ó jókòó sórí koríko tútù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kórìíra rẹ̀.

Èmi ni mo wa Pāora lọ sí Rotorua. A kọjá géètì, a kọjá àwọn àsíá pupa, a dé orí títì kó tó la ẹnu.

"Ihaka, ojú mi ò ríran dáadáa láti ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Ṣé Māmā wo ẹ̀yìn nígbà tí à ń lọ?"

Àbúrò mi ni Pāora. Èmi àti òun la jọ kọ́ odò wíwẹ̀. Mo wo dígí ọkọ̀, mo wo ojú rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Kò wo ẹ̀yìn," ni mo wí, mo sì tẹná mọ́tò.